ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA: KÌ Í ṢE ÀÌGBỌ́N NI Ó DÁ ÒṢÌṢẸ́ DÚRÓ

Lónìí, mo fẹ́ sọ ojú abẹ níkòó.

Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti jà ní 2020 ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé àwọn òṣìṣẹ́ elédè Sípéènì tí ó wà ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ní wọn kò kàwé, wọ́n ní àhesọ ti gba orí wọn. Nínú àwa fúnra wa, apá méjì ni ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Apá kìíní ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ni ó ní kí wọn má gbọ́n. Apá kejì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí ojú rẹ̀ là kò gbọdọ̀ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ òyìnbó kan ara òun. Èmi wí pé apá méjèèjì ni ó ṣìnà, àti pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ nìkan ni ó ń jèrè nínú àṣìṣe wọn.

Ẹnìkan lè ní, kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò àti Guatemala? Ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa àti àbúrò wa tí ó wà lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ní ilé ìkẹ́rùsí, nídìí lọ́rì. Irú àhesọ tí ó bá wọn lọ́hùn-ún ni ó ń gba orí fóònù wọlé tọ̀ wá wá níbí. Àwọn àgbà sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

TA NI Ó Ń KÚ?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Nínú ìkànìyàn 2020, àwọn elédè Sípéènì tí ó wà ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 62. Àwọn ni wọ́n ń ká èso àjàrà àti tòmátì, àwọn ni wọ́n ń kọ́lé, àwọn ni wọ́n ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ, àwọn ni wọ́n ń gé ẹran màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń jẹ. Nígbà tí ìjọba ní kí olúkúlùkù jókòó sílé, àwọn akọ̀wé gbé iṣẹ́ wọn lọ sílé. Ta ni ó lè gbé màlúù lọ sí yàrá rẹ̀ láti gé e?

Ní ilé iṣẹ́ ẹran, ìgbọ̀nwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ ni òṣìṣẹ́ ń dúró. Òtútù wà níbẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ ní láti pariwo sí i lójú. Bí wọ́n bá sì jáde, ọ̀pọ̀ wọn jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí ilé kan náà ni. Kí ni àrùn tún ń wá? Ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún 2020, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ àrùn kà á pé òṣìṣẹ́ 16,233 ni Kòrónà mú ní ilé iṣẹ́ ẹran 239, àti pé 86 nínú wọn kú. Nínú àwọn tí wọ́n mọ ẹ̀yà wọn, 56 nínú 100 ni ó jẹ́ elédè Sípéènì. Òyìnbó kò ju 13 lọ.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún náà, Ààrẹ Trump fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹran máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹran kò gbọdọ̀ wọ́n lọ́jà. Ní oṣù kẹwàá 2021, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà kan gbé ìwádìí rẹ̀ jáde pé ní ilé iṣẹ́ ẹran márùn-ún tí ó tóbi jù, òṣìṣẹ́ tí àrùn náà mú kò dín ní 59,000, àwọn tí ó kú kò sì dín ní 269. Láàrin 2019 sí 2021, iye ọdún tí wọ́n ń retí pé kí ọmọ elédè Sípéènì lò láyé ní Amẹ́ríkà fi nǹkan bí ọdún 4 wálẹ̀. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe àìgbọ́n ni ó pa àwọn wọ̀nyí. Iṣẹ́ ni wọ́n lọ ṣe.

Ẹ̀RÙ WỌN NÍ ÌDÍ

Nísinsìnyí, kí ni ó dé tí ẹlòmíràn nínú wọn fi ń wo nọ́ọ̀sì bí ẹni wo ọlọ́pàá? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ejò ti bù wọ́n jẹ.

Ní oṣù kìíní 1917, ní afárá tí ó so Juárez ti Mẹ́síkò mọ́ El Paso ti Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń sọdá lójoojúmọ́ ní láti bọ́ sí ìhòòhò. Wọ́n á fín aṣọ wọn, wọ́n á sì fi omi tí wọ́n pò mọ́ kẹrosíìnì wẹ̀ wọ́n, wọ́n ní iná orí ni àwọn ń pa. Ọmọbìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀, Carmelita Torres, ọmọ ọdún 17, kọ̀ jálẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tíráàmù, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀lé e, wọ́n dí ojú irin, tíráàmù kò lè lọ mọ́. Títí di ọdún 1950 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn àgbẹ̀ alágbàṣe láti Mẹ́síkò tí wọ́n bá fẹ́ wọlé ṣiṣẹ́, wọ́n ń fín oògùn kòkòrò DDT sí wọn lára bí ẹni fín igbó kòkó.

Ní Guatemala, láàrin 1946 sí 1948, àwọn dókítà ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ fi àtọ̀sí àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn sí ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n, sójà, aṣẹ́wó àti àwọn alárùn ọpọlọ tí ó lé ní 1,300, wọn kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2010 ni àṣírí tú, tí Ààrẹ Obama sì tọrọ àforíjì. Ní Puerto Rico, láti 1956, orí àwọn obìnrin tálákà ni wọ́n ti dán oògùn fètò-sọ́mọ-bíbí wò, tí wọn kò sọ fún wọn pé ìdánwò ni. Ní Los Angeles, ní 1975, àwọn obìnrin mẹ́wàá ọmọ Mẹ́síkò pe ilé ìwòsàn ìjọba kan lẹ́jọ́ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò jẹ́ kí àwọn lè bímọ mọ́ fún àwọn nígbà tí àwọn wà lórí ìkúnlẹ̀, pé wọ́n fún àwọn ní ìwé òyìnbó tí àwọn kò lè kà láti fọwọ́ sí. Ní 1978, adájọ́ dá ilé ìwòsàn láre.

Ẹni tí ó bá gbọ́ gbogbo èyí, tí ó tún ń pe àwọn ènìyàn náà ní òpè, òun gan-an ni òpè. Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí á tó padà wá bá adìyẹ wí.

ṢÙGBỌ́N ÌDÍ Ẹ̀RÙ KÌ Í SỌ OÒGÙN DI MÁJÈLÉ

Mo wá kọjú sí ẹ̀yin apá kejì, ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́. Ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Kí ni ìwà ibi tí wọ́n hù ní Guatemala? Pé wọ́n ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, wọn kò sì bi olóhun léèrè. Kí ni ìwà ibi tí wọ́n hù sí àwọn ènìyàn dúdú ní Tuskegee láti 1932 sí 1972? Pé wọ́n mọ̀ pé pẹnisílíìnì lè wo àwọn ọkùnrin náà sàn, wọ́n sì fi dù wọ́n, kí wọ́n lè máa wò bí àrùn yóò ṣe jẹ wọ́n. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: oògùn ni wọ́n fi dù wọ́n! Báwo wá ni ẹ ṣe ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi oògùn du ara rẹ̀, kí ó lè gbẹ̀san lára ẹni tí ó fi oògùn du bàbá rẹ̀?

Abẹ́rẹ́ Kòrónà kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Moderna dán tirẹ̀ wò ní 2020, ènìyàn 30,000 ni ó yọ̀ǹda ara wọn, ẹnìkan nínú márùn-ún sì jẹ́ elédè Sípéènì. Ti Pfizer lé ní 43,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ará Argentina. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé láti yẹ̀ wò.

Wọ́n ní ó ń yí ẹ̀jẹ̀ padà, ó ń sọ obìnrin di àgàn. Irọ́ ni. Ohun tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà dà bí ìwé ránpẹ́ tí fọ́mààn kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: ẹ wo àmì aṣọ olè yìí, bí ẹ bá rí i, ẹ mú un. Àgọ́ ara a ka ìwé náà, a kọ́ àmì olè, a sì fa ìwé ya láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kò dé ibi tí ìwé àjogúnbá wà nínú ara. Kò sí kòkòrò Kòrónà ààyè kankan nínú rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé kò ní ìnira. Apá a máa ro ènìyàn, ibà a máa ṣe ẹlòmíràn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, àwọn díẹ̀ gan-an wà tí ọkàn wọn wú, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì gbádùn padà. N kò sì ní sọ pé ẹni tí ó gbà á kò lè kó àrùn mọ́. Ó lè kó o, agbára rẹ̀ a sì máa dín kù bí oṣù ti ń lọ. Ẹ̀yin awakọ̀, búrékì ọkọ̀ yín kò lè sọ pé kí wèrè má wa ọkọ̀ bọ̀ níwájú yín. Ṣùgbọ́n èwo nínú yín ni yóò tú búrékì jù sígbó nítorí ìyẹn? Abẹ́rẹ́ yìí ní búrékì lórí ikú àti ibùsùn ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nìyẹn.

Ẹ ní oògùn òyìnbó ni. Ní 1803, ọkọ̀ ojú omi kan gbéra ní La Coruña ní Sípéènì lábẹ́ dókítà Balmis, pẹ̀lú ọmọ òrukàn 22. Láti apá ọmọ kan sí apá ọmọ kejì ni wọ́n ti gbé bùpá kọjá òkun dé Puerto Rico, Caracas àti Mẹ́síkò. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn elédè Sípéènì ti mọ àjẹsára. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú ti gbé Ṣọ̀pọ̀nná dé, tí wọ́n ń pè é ní Babalú Ayé títí di òní, Amẹ́ríkà ti dí ọ̀nà òwò mọ́ wọn láti ọdún 1962. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ Kòrónà tiwọn fúnra wọn, Abdala àti Soberana, wọ́n sì fún àwọn ọmọ ọdún 2 sókè ní 2021. Ta ni ẹ fẹ́ sọ pé Kúbà ń bá ṣiṣẹ́?

Àwa náà sì ti rìn ín rí. Àwọn bàbá wa sá fún wolé-wolé, ṣùgbọ́n bùpá ni ó lé ìgbóná lọ. Láti 1970 ni a kò ti rí i mọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1996, ilé iṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà kan dán oògùn wò lára àwọn ọmọ ní Kano, ìdí abájọ ìbínú wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìbínú dá abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ dúró níbẹ̀ ní 2003, ẹsẹ̀ ta ni ó rọ? Ṣé ti ọ̀gá ilé iṣẹ́ oògùn ni? Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ni, àrùn náà sì ràn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti tán ní Áfíríkà.

Ẹni tí ó bá kọ abẹ́rẹ́ láti fi jẹ ọ̀gá níyà, ó ń yanṣẹ́lódì tí ọ̀gá kò pàdánù kọ́bọ̀ kan lórí rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ tí ìgbọ̀nwọ́ yín jọ kan ara ni ó ń san án.

KÍ NI Ó DÁ WỌN DÚRÓ GAN-AN?

Ní oṣù karùn-ún 2021, àwọn olùwádìí KFF ní Amẹ́ríkà bi àwọn tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ léèrè. Nínú àwọn elédè Sípéènì, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta ní kíákíá ni àwọn fẹ́ gbà á. Iye yẹn fi ẹ̀ẹ̀mejì ju ti òyìnbó lọ! Kí wá ni wọ́n ń dúró dè? Wọ́n ní: bí ibà bá mú mi lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò san owó iṣẹ́ mi? Wọ́n ní: èló ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ mi? Wọ́n ní: ṣé wọn kò ní bèèrè ìwé ìgbélùú, tí wọn yóò sì tibẹ̀ lé mi lọ?

Ẹ rí i bí? Owó iṣẹ́, owó oògùn, ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn pè é ní iyèméjì. Èmi pè é ní ìṣirò ẹni tí kò ní owó ọ̀la lọ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní 2021, ní àfonífojì Coachella ní California, wọn kò ní kí àgbẹ̀ wá abẹ́rẹ́ wá sígboro. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lọ bá a nínú oko. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ní Delano, ní Forty Acres tí ó jẹ́ ojúlé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko tí César Chávez dá sílẹ̀, wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní abẹ́rẹ́ lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tí ó ń sá fún ilé ìwòsàn ìjọba kò sá fún ilé ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 2021, Tyson, ilé iṣẹ́ ẹran tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 120,000, pàṣẹ pé dandan ni abẹ́rẹ́. Kò tó ìdajì wọn tí ó ti gbà á nígbà náà. N kò yin ọ̀gá fún àṣẹ tí ó ní ìyọniníṣẹ́ nídìí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UFCW jókòó tì wọ́n, wọ́n sì gba ìsinmi àìsàn tí a ń sanwó fún, tó wákàtí 20 lọ́dún. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ó ti lé ní 96 nínú 100 tí ó gbà á. Nígbà tí ó fi di oṣù keje 2022, ní gbogbo Amẹ́ríkà, 67 nínú 100 àwọn elédè Sípéènì ti gba abẹ́rẹ́ kan ó kéré tán. Òyìnbó jẹ́ 64. Àwọn tí wọ́n ní kò gbọ́n ti kọjá àwọn tí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́!

WỌ́N TI TÚN GBÉ ODI NÁÀ DÌDE

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ǹ bá má kọ ìwé yìí. Ní oṣù kejì 2021, ìjọba Amẹ́ríkà ṣèlérí pé àwọn agbófinró ìgbélùú kò ní mú ẹnikẹ́ni ní ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́. Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba tuntun fagi lé òfin tí kò jẹ́ kí wọ́n mú ènìyàn ní ilé ìwòsàn, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìjọsìn. Ètò tí ó ń fún àwọn tí kò ní ìwé adójútòfò ní abẹ́rẹ́ Kòrónà lọ́fẹ̀ẹ́ ti dópin ní oṣù kẹjọ 2024. Àwọn ìdí ẹ̀rù tí wọ́n kó kúrò nílẹ̀, wọ́n ti tún kó wọn padà.

Àrùn kò sì dúró. Ní 2025, èéyi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles bẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Texas láàrin àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́. Ọmọ méjì kú níbẹ̀. Ó sọdá sí Chihuahua ní Mẹ́síkò, ó bá àwọn alágbàṣe oko àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Rarámuri, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 20 ní Mẹ́síkò lọ́dún náà. Àrùn tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wà láti 1963! Bí a bá tún ní òpè ni wọ́n, a ti dá ẹlẹ́bi sílẹ̀ nìyẹn.

OHUN TÍ A Ń FẸ́

Ìdúró mi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀ka wa gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé:

1. Gba abẹ́rẹ́. Gbà á fún ara rẹ, gbà á fún ẹni tí ẹ jọ dúró nídìí ẹ̀rọ, gbà á fún èrò tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ nínú ọkọ̀.

2. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ san owó ọjọ́ náà àti ti ọ̀la rẹ̀ bí ibà bá ṣe ènìyàn. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, ẹ má gba ìlérí ẹnu.

3. Kí abẹ́rẹ́ wá bá òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, ní gáráàjì, ní oko, ní wákàtí tí àwọn oníṣẹ́ òru náà lè rí i gbà, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

4. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bèèrè ìwé ìgbélùú níbi abẹ́rẹ́, kí ìjọba Amẹ́ríkà sì dá odi tí ó wó ní 2025 padà.

5. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dúró ti àwọn elédè Sípéènì ní ibi iṣẹ́, nínú ẹgbẹ́ kan náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ má dúró títí ọ̀gá yóò fi pàṣẹ, kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni yóò yan ohun tí wọn yóò san fún un. Carmelita Torres kò sọ̀ kalẹ̀ nínú tíráàmù nítorí pé ó fẹ́ràn iná orí. Ó sọ̀ kalẹ̀ nítorí pé wọn kò kà á sí ènìyàn. Kí wọ́n kà wá sí ènìyàn, kí wọ́n sanwó wa, kí wọ́n sọ òtítọ́ fún wa: apá wa nìyí, a ti ká aṣọ sókè.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!

Èmi ni tiyín nínú ìjà ẹ̀tọ́,
Aṣojú Òṣìṣẹ́